Ara ńlá, ara pẹ́lẹ́ńgẹ́: báwo ni òǹkà CT alágbára-méjì ṣe péye tó?

Nígbà kan, ohun tí dókítà bá fojú rí nínú àwòrán ló máa ń kọ sínú ìwé àbájáde: kókó kan wà níbí, eegun kan ti sán lọ́hùn-ún, omi ti gba ibì kan. Lóde òní, ìwé náà ti ń gbé òǹkà wá. Ẹ lè rí i kà níbẹ̀ pé kókó tó wà lára kídìnrín òsì ní áyódíìnì (oògùn tí wọ́n fà sí iṣan kí ẹ̀jẹ̀ lè hàn nínú àwòrán) mílígíráàmù 0.8 nínú mílílítà kan, tàbí pé òkúta uric acid (èròjà kan tó ń bá ìtọ̀ jáde) ló wà nínú kídìnrín, pé kì í ṣe ti kálísíọ́mù. Òǹkà wọ̀nyí ni wọ́n fi ń pinnu bóyá wọ́n á la èèyàn, bóyá oògùn nìkan ló máa lò, tàbí bóyá kó máa lọ sílé kó padà wá lẹ́yìn oṣù 6. CT ni ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán X-ray wo inú ara; èyí tó ń mú òǹkà wọ̀nyí jáde ni wọ́n ń pè ní CT alágbára-méjì, torí pé agbára ìtànṣán méjì ló fi ń wo ara kan ṣoṣo. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ wò ni èyí: ṣé 0.8 tó jáde lára ọ̀dọ́mọkùnrin tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ àti 0.8 tó jáde lára ìyá tó sanra ṣeé gbára lé bákan náà?

Wọn kò ṣeé gbára lé bákan náà, àfi bí ilé ìwòsàn bá ti dán ẹ̀rọ náà wò lórí ìwọ̀n ara kékeré, ti alábọ́ọ́dé àti ńlá, tí wọ́n sì mọ ibi tí òǹkà rẹ̀ ti ń yẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn onímọ̀ físíìsì tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsíbítù, ṣùgbọ́n kì í sábà dé etí ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí tábìlì. Bó bá sì dé etí rẹ̀, bí èébú ló máa ń dún.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ṣe àyẹ̀wò kídìnrín lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Ìwé àbájáde rẹ̀ sọ pé àwọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà irú òkúta tó wà níbẹ̀ nítorí bí ara aláìsàn ṣe tóbi tó. Òkúta yẹn kò dùn ún tó gbólóhùn náà. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Àbúrò, ṣé èmi ni mo ba ẹ̀rọ wọn jẹ́ ni?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́." Ẹni tó bá ti ra gàrí lọ́jà rí mọ̀ pé kóńgò ni wọ́n ń yẹ̀ wò, wọn kì í bá gàrí jà. Ìyá tó mọ ọjà ná á kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ inú kóńgò, kó mọ̀ bóyá wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Mo tilẹ̀ fẹ́ràn òótọ́ tí dókítà yẹn sọ. Ó sàn ju kó kọ irú òkúta kan sílẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú tí kò ní. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnì kan ti ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí òǹkà ti wọ ọ̀rọ̀ àwòrán. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1971, ní Atkinson Morley Hospital ní Wimbledon, ìlú London, wọ́n fi ẹ̀rọ tí Godfrey Hounsfield, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ EMI, ṣe wo ọpọlọ obìnrin kan. Òun ni aláìsàn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi CT yẹ̀ wò. Ẹ̀rọ náà kò yàwòrán bí kámẹ́rà, ìṣirò ló ń ṣe. Ó ń ta ìtànṣán X-ray gba inú ara kọjá láti igun púpọ̀, ó ń ka èyí tó ṣẹ́ kù lódìkejì, kọ̀ǹpútà á wá ṣírò iye ìtànṣán tí ibì kọ̀ọ̀kan nínú ara gbé mì. Orúkọ Hounsfield ni a ṣì fi ń pe òǹkà náà títí dòní, HU ni ìkékúrú rẹ̀. Omi jẹ́ 0, afẹ́fẹ́ jẹ́ -1000, ọ̀rá wà ní nǹkan bíi -100, eegun líle sì lè ju 1000 lọ. Lọ́dún 1979, Hounsfield àti Allan Cormack, onímọ̀ físíìsì tí wọ́n bí ní South Africa, jọ gba Ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ yìí.

Kò pẹ́ rárá tí Hounsfield fi rí i pé òǹkà kan kò tó. Áyódíìnì tí wọ́n máa ń fà sí iṣan kí ẹ̀jẹ̀ lè hàn, àti kálísíọ́mù inú eegun, lè ní HU kan náà. Méjèèjì á funfun báláú nínú àwòrán, kò ní sí ẹni tó máa mọ ìkan yàtọ̀ sí ìkejì. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1973, ó sọ pé tí wọ́n bá ya ibì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan ní 100 kV (kV ni ìwọ̀n iná tí wọ́n fi ń ta ìtànṣán jáde), lẹ́ẹ̀kejì ní 140 kV, ìyàtọ̀ àárín àwòrán méjèèjì á fi áyódíìnì hàn. Ní 1976, Robert Alvarez àti Albert Macovski ní Yunifásítì Stanford gbé ìṣirò rẹ̀ kalẹ̀ dáadáa. Àmọ́ ẹ̀rọ ayé ìgbà yẹn lọ́ra. Kí wọ́n tó ya èkejì, aláìsàn á ti mí, ikùn rẹ̀ á ti yí kúrò níbi tó wà. Ó tó nǹkan bí ọdún 30 kí ẹ̀rọ tó yá tó bẹ́ẹ̀ tó wọ ọsíbítù, láàárín ọdún 2005 sí 2006.

Ohun tó fà á tí agbára méjì fi ń ṣiṣẹ́ kò le. Ẹni tó ti ra aṣọ lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù, tó wá gbé e bọ́ sínú oòrùn, tó rí i pé àwọ̀ tó rò kọ́ ló rà, ti mọ̀ ọ́n. Aṣọ méjì lè jọra lábẹ́ iná kan kí wọ́n sì yàtọ̀ lábẹ́ òmíràn. Ìtànṣán tí agbára rẹ̀ kéré ni áyódíìnì máa ń gbé mì jù, pàápàá èyí tó ga díẹ̀ ju 33 keV lọ (keV ni ìwọ̀n agbára ẹyọ ìtànṣán kọ̀ọ̀kan). Bí agbára bá ti ń pọ̀ sí i, áyódíìnì á máa jẹ́ kó kọjá. Omi àti ẹran ara kì í yí padà tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá wo ibì kan lábẹ́ 80 kV, tí ẹ tún wò ó lábẹ́ 140 kV, ẹ lè ṣírò iye áyódíìnì tó wà níbẹ̀, ẹ sì lè kọ ọ́ sílẹ̀ ní mílígíráàmù. Gbogbo iṣẹ́ náà dá lórí pé kí iná méjèèjì yàtọ̀ síra, kí á sì mọ bí ìyàtọ̀ náà ṣe tó. Ibẹ̀ gan-an ni ara ńlá ti ń yọ ẹ̀rọ lẹ́nu.

Ẹ fara balẹ̀ síbí. Ìtànṣán tó ní agbára 60 keV máa ń dín sí ìdajì ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 3.4 tó bá rìn nínú omi, ẹran ara kò sì jìnnà sí omi. Tí ara ọmọdé kan bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 17, ìtànṣán á ti dín sí ìdajì lẹ́ẹ̀márùn-ún kó tó jáde: ẹyọ kan nínú 32 ló kù. Nínú àgbàlagbà tí ara rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 34, ó ti di ìdajì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá: ẹyọ kan nínú 1,024. Ẹni tí ara rẹ̀ tó 44, nǹkan bí ẹyọ kan nínú 8,000 ló yè é bọ́. Láti ọmọdé yẹn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó sanra yìí, ohun tí ẹ̀rọ ń rí gbà ti dín ní ìlọ́po 250. Ìyẹn ní 60 keV. Ìtànṣán tó jẹ́ 40 keV kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Nínú sẹ̀ǹtímítà 34 kan náà, nǹkan bí ẹyọ kan nínú 9,000 ló ń kọjá. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ìtànṣán kékeré tí a nílò jù láti mọ áyódíìnì ni ara ńlá ń kọ́kọ́ gbé mì.

Bí ìtànṣán tó dé bá kéré, àwòrán á máa ṣe wínníwínní bí iyanrìn, òǹkà á sì máa fò sókè sódò láti ojú kan (ìyẹn ẹyọ àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán) sí òmíràn. Bí iye tó dé bá dín sí ìdá mẹ́rin, ìfòsókè-fòsódò yìí á di ìlọ́po méjì. Ìyẹn ṣì dára díẹ̀, torí pé tí ẹ bá pa ọ̀pọ̀ ojú pọ̀, tí ẹ pín in dọ́gba, ẹ lè rí òǹkà tó sún mọ́ òótọ́.

Èyí tó burú jù ni pé òǹkà náà lè ṣí kúrò lójú ọ̀nà pátápátá, kí àpapọ̀ rẹ̀ gan-an jẹ́ irọ́. Ìtànṣán tó ń jáde látinú túùbù kì í ṣe oríṣi kan. Tí wọ́n bá tẹ 80 kV, oríṣiríṣi agbára ló wà nínú rẹ̀, láti kékeré títí dé 80 keV. Ara èèyàn dà bí ajọ̀, àwọn aláìlágbára ni ó ń gbá dúró, àwọn alágbára ló ń jẹ́ kó kọjá. Bí ara bá ṣe nípọn tó ni ajọ̀ náà ṣe ń ṣe iṣẹ́ tó. Nítorí náà, 80 kV tó dé àárín ikùn ẹni tó sanra ti le ju 80 kV tó dé àárín ikùn ẹni pẹ́lẹ́ńgẹ́. Kì í ṣe iná kan náà mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà kan náà ló wà lójú ẹ̀rọ. Ó ti sún mọ́ 140 kV, iná méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jọra. Ẹ tún fi ìtànṣán tó ń ta kiri kún un, èyí tó ń gbá nǹkan nínú ara tó sì ń yà gba ibòmíràn. Ara ńlá ń mú irú rẹ̀ pọ̀, ẹ̀rọ sì lè kà á mọ́ èyí tó wá tààrà.

Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ mọ èyí. Wọ́n fi ìṣirò àtúnṣe sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n ń fi irin tíìnì pẹlẹbẹ sẹ́nu túùbù alágbára ńlá kó lè gba àwọn aláìlágbára kúrò, kí iná méjèèjì lè jìnnà síra. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tó pé fún gbogbo ara.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ òkúta ẹ̀gbọ́n mi. Òkúta kídìnrín tó jẹ́ uric acid máa ń fún ẹ̀rọ ní HU tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lábẹ́ iná méjèèjì. Bí ẹ bá fi ti 140 kV pín ti 80 kV, nǹkan bí 1 ni ẹ máa rí. Òkúta kálísíọ́mù máa ń ga púpọ̀ lábẹ́ 80 kV, ìpín rẹ̀ sì lè tó 1.4 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ á fa ìlà kan sáàárín méjèèjì: èyí tó bá wà nísàlẹ̀ ìlà jẹ́ uric acid, èyí tó bá wà lókè jẹ́ kálísíọ́mù. Ìyàtọ̀ wọn kò kéré fún aláìsàn. Wọ́n lè fi oògùn tó ń dín kíkan ìtọ̀ kù yọ́ òkúta uric acid láìfi ọ̀bẹ kàn án. Òkúta kálísíọ́mù kì í yọ́ bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n fọ́ ọ tàbí kí wọ́n yọ ọ́.

Nígbà tí ara bá wá tóbi, tí 80 kV le sí i, ìpín òkúta kálísíọ́mù náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílẹ̀ sún mọ́ 1. Ìlà tí wọ́n fà fún ara alábọ́ọ́dé kò bá ara yìí mu mọ́. Tí òkúta náà bá tún kéré, tí kò ju mìlímítà 2 tàbí 3 lọ, tí àwòrán sì ń ṣe wínníwínní, ẹ̀rọ á kàn máa sọ ohun tó bá fẹ́. Ẹni tí wọ́n bá ṣì pè ní olókùúta uric acid lè máa lo oògùn fún oṣù púpọ̀, kí òkúta náà sì wà níbẹ̀ gbọnin-gbọnin. Nítorí èyí ni ilé ìwòsàn tó mọṣẹ́ kì í fi ń lo ìlà kan fún gbogbo ènìyàn. Bí ara bá ṣe tó ni wọ́n ṣe ń sún un.

Ọ̀rọ̀ kókó inú kídìnrín tún le ju ìyẹn lọ, torí pé òǹkà ibẹ̀ kéré gan-an. Àpò omi lásán kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú, nítorí náà kò yẹ kó gba áyódíìnì rárá. Kókó tó ń mu ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Nínú CT agbára kan, àṣà ni pé bí HU bá fi ju 20 lọ sókè lẹ́yìn tí wọ́n fa oògùn áyódíìnì sára, kókó náà ń mu ẹ̀jẹ̀. Bí kò bá tó 10, kò mu. Àárín 10 sí 20, àríyànjiyàn ni. Pẹ̀lú agbára méjì, mílígíráàmù áyódíìnì ni wọ́n ń wò tààrà, ìlà tí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan sì ń lò yàtọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí èkejì. Wàyí o, ká ní ẹ̀rọ kan ń ṣìnà pẹ̀lú 0.3. Lára ẹ̀dọ̀ tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ní mílígíráàmù 10, ìyẹn kò ju ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kò sí ẹni tó máa bìkítà. Lára kókó tó ní 0.6, ìdajì òǹkà náà ni. Àṣìṣe kan náà tí kò jẹ́ nǹkan kan níbi tí áyódíìnì ti pọ̀ lè yí ìpinnu padà níbi tó ti kéré. Àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí oríṣiríṣi ẹ̀rọ sì fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ yìí: bí ara bá ń tóbi, tí áyódíìnì sì kéré, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń pọ̀ jù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀? Ère ìdánwò ni, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní phantom. Ẹ fojú inú wo ike líle roboto kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, tó jẹ́ ìwọ̀n orí àgbàlagbà tàbí ikùn ọmọdé. Ihò róbótó wà káàkiri ojú rẹ̀. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ki ọ̀pá ike kékeré bọ̀, wọ́n sì ti kọ ohun tó wà nínú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan sí i lórí: áyódíìnì mílígíráàmù 2, 5, 10, 15, kálísíọ́mù, ọ̀rá, omi. Wọ́n á yà á. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé e sínú òrùka ike ńlá kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40, tó ga tó 30, bí ikùn àgbàlagbà tó dùbúlẹ̀. Wọn kò yí ọ̀pá kankan padà. Wọ́n á tún yà á. Ọ̀pá tó jẹ́ 2 nínú ère kékeré kò lọ ibì kankan, 2 náà ni. Bí ẹ̀rọ bá kà á sí 2.1 tẹ́lẹ̀, tó wá di 1.6 tàbí 2.5 báyìí, òrùka ike yẹn ló fà á, kò sí ohun mìíràn.

Ọ̀pá tí mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni èyí tí kò ní áyódíìnì kankan. Ó yẹ kó ka 0. Kí ló kà nínú ère ńlá? Bí ó bá ka 0.4, ẹ ti mọ̀ pé lórí ẹ̀rọ yẹn, fún ara tó tó bẹ́ẹ̀, 0.4 kì í ṣe áyódíìnì, àfarawé rẹ̀ ni. Dókítà tó bá mọ èyí kò ní sọ pé àpò omi lásán ń mu ẹ̀jẹ̀. Wọ́n tún máa ń gbé ọ̀pá kan náà láti àárín lọ sí etí, torí pé ìtànṣán tó dé àárín ti rìn jìnnà ju èyí tó dé etí lọ.

Ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà ṣe ẹ̀rọ tirẹ̀ ló ń sọ ibi tí ara ńlá ti máa dà á láàmú. Siemens fi túùbù méjì sínú òrùka ẹ̀rọ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní awo tó ń gba ìtànṣán tirẹ̀. Èyí dára, torí wọ́n lè fún túùbù alágbára kékeré ní iná tó pọ̀ sí i, wọ́n sì lè gbé e láti 80 kV sí 100 kV fún ẹni tó sanra. Àmọ́ àyè kò tó fún awo kejì láti fẹ̀ tó ti àkọ́kọ́. Ojú tó ń rí fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 26 péré nínú ẹ̀rọ àkọ́kọ́, ó di 33 nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ó sì wọ nǹkan bí 35 nínú ìkẹta. Ẹni tí ikùn rẹ̀ fẹ̀ tó 42, ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ á ṣẹ́ kù síta, ibi tó ṣẹ́ kù yẹn kò sì ní òǹkà agbára méjì rárá. Àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn máa ń sún aláìsàn sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè wọnú àyè náà. GE ń lo túùbù kan ṣoṣo tó ń fò láti 80 sí 140 kV láàárín àkókò tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Kò sí ìṣòro àyè níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti máa yí iye iná padà pẹ̀lú irú eré bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ 80 kV ló sì máa ń jìyà nínú ara ńlá. Philips fi awo méjì léra: ti òkè ń gba àwọn aláìlágbára, ti ìsàlẹ̀ ń gba àwọn alágbára. Ìyẹn náà dára, torí pé gbogbo aláìsàn ló ní òǹkà agbára méjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ti pinnu rẹ̀ ṣáájú. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ara ńlá ti gbé àwọn aláìlágbára mì kí wọ́n tó dé awo òkè.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, FDA, àjọ tó ń yẹ oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn wò ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí NAEOTOM Alpha, ẹ̀rọ tuntun tó ń ka ìtànṣán ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó sì ń wọn agbára ẹyọ náà. Ìrètí pọ̀ lórí rẹ̀, mo sì wà lára àwọn tó ń retí. Ariwo iná mànàmáná inú awo, tó máa ń bo ìtànṣán díẹ̀ tó jáde lára ẹni tó sanra mọ́lẹ̀, kò rí àyè níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìṣirò sẹ̀ǹtímítà 3.4 yẹn kò yí padà. Kò sí ẹ̀rọ tó lè ka ohun tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní, ṣé wọn ò lè fi ìtànṣán kún un ni? Wọ́n ń fi kún un, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Ẹ sì rántí pé bí ara bá fi sẹ̀ǹtímítà 3.4 nípọn sí i, ìlọ́po méjì ìtànṣán ló máa ná wọn kí iye kan náà tó jáde lódìkejì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta bẹ́ẹ̀, ó ti di ìlọ́po mẹ́jọ. Túùbù ní ibi tí agbára rẹ̀ pin sí, ó sì níye ìtànṣán tó tọ́ kí ènìyàn gbà.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kó yé wa: ìwọ̀n kílò kọ́ ni ìtóbi tí à ń sọ. Ọkùnrin gíga tó jẹ́ kílò 90 àti obìnrin kúkúrú tó jẹ́ kílò 90 kò nípọn bákan náà ní ikùn. Àyà tó fẹ̀ kún fún ẹ̀dọ̀fóró, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìtànṣán ń gba ibẹ̀ kọjá fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ìbàdí tó fẹ̀ tó àyà yẹn kún fún eegun, ó sì ń gbé ìtànṣán mì gidi. Nítorí èyí ni AAPM, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ físíìsì ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, fi gbé ìwé kan jáde ní 2014 lórí bí a ṣe lè wọn ara pẹ̀lú omi: báwo ni ike omi roboto kan ì bá ṣe fẹ̀ tó kí ó lè gbé ìtànṣán mì bí ara yìí ṣe ń gbé e mì? Òǹkà yẹn ni ó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mílígíráàmù áyódíìnì nínú ìwé àbájáde. Ẹ̀rọ lè ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀ látinú àwòrán tó ti yà.

Ìdí tí àyẹ̀wò oríkèé ríro tí wọ́n ń pè ní gout fi ń lọ geerege pẹ̀lú CT agbára méjì, tó fi wọ ìlànà tí àwọn dókítà oríkèé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù jọ gbé jáde ní 2015, náà kò fara sin. Ẹsẹ̀ àti ọwọ́ tín-ín-rín ni, ti ẹni tó sanra pàápàá kò nípọn bí ikùn. Lẹ́nu ìtọ́jú jẹjẹrẹ pẹ̀lú ìtànṣán proton, ó yàtọ̀. Òǹkà CT ni wọ́n fi ń ṣírò ibi tí proton máa dúró sí nínú ara, àṣà sì ni láti fi nǹkan bí ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ fún àṣìṣe. Ní jíjìn sẹ̀ǹtímítà 20, mìlímítà 7 nìyẹn, ibi tí ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí ojú lè wà. CT agbára méjì lè dín àlàfo yìí kù, bí wọ́n bá ti dán an wò fún orí àti fún ìbàdí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní ọdún 2022, ọ̀rọ̀ yìí di kánjúkánjú fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ti ìlú Shanghai pa nítorí COVID-19, ilé iṣẹ́ GE Healthcare tó ń ṣe oògùn áyódíìnì níbẹ̀ dáwọ́ dúró, àwọn ọsíbítù kárí ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ oògùn náà lò. Ọ̀kan lára ohun tí àwọn tó ní CT agbára méjì lè ṣe ni pé kí wọ́n fa díẹ̀ sára aláìsàn, kí wọ́n sì ní kí kọ̀ǹpútà ṣe àwòrán bíi pé 40 tàbí 50 keV ni wọ́n fi yà á, kí áyódíìnì kékeré yẹn lè tàn yòò. Ọgbọ́n tó dára ni, ó gba ọ̀pọ̀ èèyàn là lọ́wọ́ ìdádúró. Ṣùgbọ́n ní 40 keV ni HU ti ń yàtọ̀ jù láti ara kan sí òmíràn, torí náà ẹni tó sanra ni ó yẹ kí wọ́n fura sí òǹkà rẹ̀ jù nígbà yẹn.

Kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn díẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé WHO sọ pé ní 2022, ẹnì kan nínú ènìyàn 8 láyé ló sanra jù. Ní Amẹ́ríkà, ó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà. Ẹ̀rọ tó péye fún ara alábọ́ọ́dé nìkan ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn wọ̀n, inú mi kò dùn sí ilé ìwòsàn tó bá ń dán tirẹ̀ wò lórí ère kan ṣoṣo. Ẹ̀tọ́ ẹni tó sanra ni pé kí wọ́n wọn tirẹ̀ dáadáa bíi ti ẹnikẹ́ni. Ọmọdé náà ńkọ́? Ara kékeré ń jẹ́ kí ìtànṣán pọ̀ lódìkejì, àwòrán ń mọ́, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìwọ̀n àgbàlagbà ni wọ́n fi tún òǹkà ṣe, ti ọmọ náà lè yẹ̀ sí ọ̀nà kejì.

Bí wọ́n bá fún yín ní irú òǹkà yìí, bóyá ní Ìbàdàn ni o tàbí ní London, ẹ lè bi dókítà yín bóyá ó jìnnà sí ìlà tàbí ó wà lẹ́bàá rẹ̀. Bó bá wà lẹ́bàá rẹ̀, ẹ bi í bóyá àyẹ̀wò mìíràn wà, bíi MRI tàbí ultrasound, tó lè jẹ́rìí sí i. Ẹ tọ́jú CD àyẹ̀wò ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń padà lọ ṣe èyí tí wọ́n máa fi wé ti àtijọ́, ẹ gbìyànjú kó jẹ́ ẹ̀rọ kan náà, torí pé ẹ̀rọ méjì lè ṣi ara kan wọ̀n ní ọ̀nà tó yàtọ̀, kí wọ́n sì pe ìyàtọ̀ yẹn ní àìsàn tó ń le sí i.

Nígbà tí ẹ bá sì wà lórí tábìlì, ẹ máa rí òṣìṣẹ́ tó ń gbé e sókè díẹ̀, tó ń wo ìlà iná tó tàn sí yín lára, tó tún ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Àárín òrùka ẹ̀rọ ló ń wá. Bí ara bá kúrò ní àárín, ẹ̀rọ á rò pé ó tóbi tàbí pé ó kéré ju bó ṣe rí lọ, á sì ta ìtànṣán tí kò bá a mu. Fún ẹni tó sanra, sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ níbẹ̀ ṣe pàtàkì. Ẹ má kánjú rẹ̀, ẹ dúró jẹ́ẹ́ kó fi rí àárín náà.